Oko Orí Òkè ní Sukur

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ ní ká lọ wo Sukur ní Adamawa, ẹ gbọ́ o. Ọdún 1999 ni UNESCO kà á mọ́ ibi àjogúnbá àgbáyé, ṣáájú Òṣun Òṣogbo (2005). Òkúta ni wọ́n tò ní ìpele-ìpele sí ẹ̀gbẹ́ òkè, kí àgbàrá má baà gbá ilẹ̀ oko ọkà bàbà lọ. Bí ògiri ẹnì kan bá wó, oko ará ìsàlẹ̀ ni àgbàrá ń ya lù. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó ẹgbẹ́ tí a yá tí a kò san.

Ṣùgbọ́n Boko Haram kọlu ibẹ̀ lọ́dún 2014. A kò ní gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni títí a ó fi mọ̀ pé ọ̀nà dára. Owó ṣeé wá; ẹ̀mí kò ṣeé rà.