Lẹ́yìn ìjà Adesanya ní Perth: irú ìjà wo ló lè gba ọmọ Ijapo sílẹ̀?

Ọ̀rọ̀ Israel Adesanya, akọni ìjà UFC tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, pẹ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ Akure. Ní ìdájí ọjọ́ Àìkú ní aago tiwa, ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún 2024, Dricus du Plessis, ọmọ South Africa, dì mọ́ ọn lẹ́yìn ní Perth, Australia, ó fún un mọ́ ọrùn àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí ó fi gbà fún un ní ìpele kẹrin. Ọkùnrin tí ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá rẹ̀ ti da ọ̀pọ̀ akọni nílẹ̀, apá ẹlòmíràn ló parí ọ̀rọ̀ fún un.

Ní Ijapo Estate níbí ní Akure, ìbéèrè tí ìjà náà bí kò kan bẹ́líìtì góòlù. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ọmọbìnrin mi ń dàgbà. Kí ló yẹ kó kọ́ tí kò fi ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ pa á lára? Ṣé kàrátè ni àbí taekwondo?” ni ìyá kan ládùúgbò wa bi mí. Ìbéèrè gidi ni, ó sì tọ́ kí a dáhùn rẹ̀ dáadáa.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi orúkọ dáhùn: judo ju kàrátè lọ, kickboxing ju judo lọ. Bí a bá tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀, a ó sọ pé judo ló ṣẹ́gun ní Perth, torí pé láti ọmọ ọdún márùn-ún ni du Plessis ti ń ṣe judo, nígbà tó jẹ́ pé taekwondo ni Adesanya kọ́kọ́ fọwọ́ kàn ní Chrisland, ní Opebi, l’Ékòó, kí màmá rẹ̀ tó yọ ọ́ kúrò nígbà tó ṣèṣe. Ìgbà tó dàgbà ní New Zealand ló wo fíìmù ìjà Ong-Bak, tó wá bẹ̀rẹ̀ kickboxing. Ṣùgbọ́n Adesanya kan náà ti na àwọn tó mọ ìjàkadì dunjú. Ohun tí òun àti du Plessis fi jọra ló yẹ kí òbí wò: lójoojúmọ́ ayé wọn, ẹni tí kò fẹ́ gbà fún wọn ni wọ́n ń bá ṣe ìdánrawò.

Jigoro Kano, ọmọ Japan, ló jẹ́ kí èyí yé ayé. Jujutsu, ìjà àtijọ́ Japan, ló kọ́ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Tenjin Shinyo àti Kito. Jujutsu ayé ìgbà náà kún fún ohun tó ń dẹ́rù bani: wọ́n ń fi ìka gún ojú, wọ́n ń kán eegun, wọ́n ń lu ibi tí ẹ̀mí wà. Níwọ̀n bí kò ti sí ẹni tó lè máa fọ́ ojú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, ṣe ni wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣe àfarawé. Èmi á na ọwọ́ báyìí, ìwọ á mú un báyìí, èmi á ṣubú. Ní ọdún 1882, Kano, tó jẹ́ ọmọ ọdún 21, dá judo sílẹ̀ nínú tẹ́ńpìlì Eishoji ní Tokyo, pẹ̀lú ẹní méjìlá àti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án. Gbogbo ohun tó lè sọ ènìyàn di aláàbọ̀ ara, ó kó o sọ́tọ̀ pé kí wọ́n máa fi àfarawé kọ́ ìyẹn. Èyí tó kù, gbígbé ènìyàn ṣánlẹ̀, dídì í mọ́lẹ̀, fífún un lọ́rùn, ó ní kí wọ́n máa fi gbogbo agbára ṣe é lára ara wọn, kí ẹni tí wọ́n ń gbé náà sì máa jà padà, kó máa tan ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kó má gbà rárá. Randori ni wọ́n ń pe ìyẹn.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu títí dòní nìyí. Kano yọ ohun tó léwu jù kúrò nínú ìdánrawò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì wá di ẹni tó léwu jù lójú ìjà. Ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá gún ojú nínú afẹ́fẹ́ kò tíì gún ojú ẹnikẹ́ni rí. Ẹni tó ti gbé ènìyàn tó ń jà padà ṣánlẹ̀ nígbà àìmọye ti mọ̀ ọ́n mọ́ ara.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Kano, Mitsuyo Maeda, dé Brazil ní 1914, ó sì kọ́ ọ̀dọ́ kan níbẹ̀, Carlos Gracie, ní ìjà náà. Nígbà tí UFC, ìdíje tí onírúurú oníjà ti ń pàdé, kọ́kọ́ wáyé ní Denver ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá 1993, ọmọ àbúrò Carlos, Royce Gracie, wà nínú ọkùnrin mẹ́jọ tó wọlé, kò sì sí pé a ń fi ìwọ̀n ara pín wọn. Art Jimmerson tó jẹ́ akànṣẹ́ wọ ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo wá. Gracie dá a nílẹ̀, ó gùn ún, Jimmerson sì gbà. Àwọn méjì tó kù tí Gracie bá pàdé lálẹ́ náà, ọrùn ló fún wọn.

Àfarawé yẹn kò tíì tán: ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ìgbèjà ọ̀bẹ nínú ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn ìdánrawò. Ọmọ kan á di ọ̀bẹ onígi mú, á gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, á na ọwọ́ gbọọrọ sí ikùn ẹnìkejì, á sì fi ọwọ́ náà sílẹ̀ síbẹ̀ gbagidi. Ẹnìkejì á mú ọrùn ọwọ́ náà, á yí i, ọ̀bẹ á bọ́, àwọn òbí á pàtẹ́wọ́. Ẹni tó ń gún ènìyàn lóòótọ́ kì í fi ọwọ́ sílẹ̀. Á gún, á fà á, á tún gún, ọwọ́ rẹ̀ kejì á sì di ẹ̀wù onítọ̀hún mú. Bẹ́ẹ̀ ni ara tí ẹ̀rù bà lójijì kì í ṣe ara tí a fi ń ṣe àfihàn: èròjà adrenaline á tú sínú ẹ̀jẹ̀, àyà á máa lù kìkì, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ojú á máa rí ohun tó wà níwájú nìkan. Iṣẹ́ wẹ́wẹ́ tí ìka ń ṣe á dàrú. Ohun tí ara ti ṣe rí nínú wàhálà ló máa ń ṣẹ́kù.

Àwa náà ní irú randori tiwa. Ìjàkadì orí yanrìn kò gba gígún ojú, kò gba ìgéjẹ. Bí ẹ̀yìn ẹnìkan bá ti kanlẹ̀, ó parí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ fi lè jà á ní ìrọ̀lẹ́ òní, kí wọ́n tún jà á lọ́la. Kò sí bí a ṣe fẹ́ ki Ọ̀fà ká fo ìjàkadì. Ní Akure níbí ni wọ́n sì bí Odunayo Adekuoroye ní 1993, obìnrin tó gba góòlù ìjàkadì ní ìdíje Commonwealth ní 2014, 2018 àti 2022. Síbẹ̀, ní Olympics Tokyo, ó ń borí lọ kí Anastasia Nichita, ará Moldova, tó mú ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ bá lè ṣubú níbi tí ó ti wà níwájú, kí olùkọ́ kankan má ṣèlérí fún òbí pé ọmọ rẹ̀ kò ní ṣubú láé.

Ọ̀nà àdúgbò sì yàtọ̀ sí gbàgede UFC. Lórí kọnkéré, ẹni tó bá dùbúlẹ̀ láti fún ẹnìkan lọ́rùn ti gbé orí rẹ̀ kalẹ̀ fún bàtà ẹnìkejì. Níwájú ìbọn, kò sí ìjà kankan tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún: ẹ fún wọn ní fóònù, ẹ fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, kí ẹ̀mí wà.

Kò rọrùn láti ṣe ìwádìí tí yóò fi ìjà kan wé òmíràn, torí a kò lè rán ọlọ́ṣà sí ènìyàn ká wá máa kọ èsì sílẹ̀. Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ìwádìí tó jáde ní 2013 lórí àwọn ọmọbìnrin ọdún 14 sí 21 ní àwọn àdúgbò tálákà ní Nairobi. Wákàtí méjìlá ni wọ́n fi kọ́ wọn: bí a ṣe ń tètè fura, bí a ṣe ń fi ohùn líle kọ̀, bí a ṣe ń pariwo, bí a ṣe ń lu ènìyàn ká lè sá. Kí wọ́n tó kọ́ ọ, ìdá 24.6 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ẹnìkan ti kọlù nítorí ìbálòpọ̀ láàárín ọdún kan. Lẹ́yìn rẹ̀, ó wálẹ̀ sí 9.2. Láàárín àwọn tí kò gba ẹ̀kọ́ náà, díẹ̀ báyìí ló yẹ̀. Ohun tó yẹ kí ìyá kọ̀ọ̀kan ní Ijapo fi sọ́kàn sì ni pé bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn tí wọ́n kọlù ló mọ ẹni tó kọlù wọ́n. Ọmọ ìta tí a ń bẹ̀rù kọ́ ló sábà máa ń jẹ́.

Nítorí náà, ohun tí mo sọ fún ìyá tó bi mí ní ìbéèrè nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èrò tèmi ni. Kó kọ́kọ́ kọ́ ọmọ náà láti kọ̀ fún àgbàlagbà, kó sì lè pariwo láìtijú, kódà bó ṣe mọ̀lẹ́bí. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, judo tàbí ìjàkadì, èyí tó bá wà nítòsí. Kó lọ wo ibẹ̀ fúnra rẹ̀ kó tó sanwó. Kó wo ọmọ tó wà nísàlẹ̀: ṣé ó ń tiraka láti dìde, àbí ṣe ló ń dúró kí olùkọ́ kà á tán? Kàrátè náà lè dára níbi tí wọ́n bá ti ń jẹ́ kí àwọn ọmọ bá ara wọn jà lóòótọ́. Kí olùkọ́ sì kọ́ wọn ní òfin pẹ̀lú, torí abala 286 nínú òfin ìwà ọ̀daràn wa gba ẹni tí wọ́n kọlù láìṣẹ̀ láàyè láti lo agbára tó tó láti gba ara rẹ̀. Kò gbà kí ẹni tó ti já bọ́ padà lọ fìyà jẹ onítọ̀hún.

Ó dùn mí pé ìlú tó bí Adekuoroye kò tíì fi ìjàkadì sí ẹnu ọ̀nà gbogbo ọmọbìnrin rẹ̀. Yanrìn ọkọ̀ típà kan àti olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ tó fún ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ijapo láti fi bẹ̀rẹ̀ ní táàmù tó ń bọ̀.