Ẹ má ṣe sun wáyà láti yọ bàbà

 

Bí wáyà iná bá bàjẹ́, àwọn kan a máa sun ún láti yọ bàbà inú rẹ̀ tà. Kí ni ó wà nínú èéfín dúdú náà?

Ọ̀rá líle ni a fi bo wáyà. PVC ni orúkọ rẹ̀. Nínú kílò 100 PVC, ó lé ní kílò 50 tí ó jẹ́ klórínì. Inú iyọ̀ ni wọ́n ti ń yọ klórínì. Òun ni kì í jẹ́ kí ọ̀rá náà tètè gbiná. Ṣùgbọ́n bí ooru bá pọ̀, ó ń jáde bí èéfín tí ń ta ojú àti ọ̀fun.

Kí ooru má baà tètè ba ọ̀rá náà jẹ́, wọ́n ń po nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Nínú ọ̀pọ̀ wáyà àtijọ́, iyọ̀ òjé ni. Kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o! Òjé ni irin wúwo tí àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n. Bí wáyà bá wà lára ògiri, òjé náà ń ṣiṣẹ́ rere. Bí a bá sun ún, ó ń bá èéfín àti eérú jáde. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Bàbà náà kò jókòó lásán. Nínú iná, ó ń ran klórínì lọ́wọ́ láti di májèlé tí a ń pè ní díọ́síìnì. Májèlé yìí ń pẹ́ nínú ilẹ̀. Adìẹ ń ṣà á jẹ, ó sì ń wọ inú ẹyin.

Ní Agbogbloshie, ní ìlú Accra ní Gánà, àwọn ọ̀dọ́ sun wáyà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2019, a gbọ́ àbájáde àyẹ̀wò ẹyin adìẹ ibẹ̀. Ẹni tí ó bá jẹ ẹyin kan ṣoṣo ti jẹ díọ́síìnì ní ìlọ́po 220 ohun tí Yúróòpù gbà fún àgbàlagbà lójúmọ́.

Nítorí náà:

1. Ẹ fi ọ̀bẹ la ara wáyà tí kò sí iná nínú rẹ̀, kí ẹ fa bàbà jáde. Bàbà bẹ́ẹ̀ mọ́ ju èyí tí a sun lọ.
2. Ẹ má fi wáyà dá iná ọbẹ̀.
3. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé tàbí adìẹ dé ibi eérú wáyà.

Owó bàbà kò tó ra ọpọlọ ọmọ.