Ìdí tí Ìtàn Amẹ́ríkà Òde-òní fi Bẹ̀rẹ̀ ní 1865

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà, ọdún 1865 tàbí 1877 ni ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ lórí ìtàn òde-òní ilẹ̀ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ló fà á?

Ní 1865, ogun abẹ́lé parí, òfin sì dá àwọn ẹrú sílẹ̀. Ní 1870, òfin fún àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ní ẹ̀tọ́ ìdìbò. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn 1877, tí ìjọba àpapọ̀ ṣíwọ́ fífi ọmọ-ogun dáàbò bò wọ́n ní ìhà Gúúsù, owó-orí ìdìbò, ìdánwò ìwé-kíkà àti ìhàlẹ̀ ni a fi gba ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ wọn. Ó di 1965, ọdún 95 gbáko, kí òfin tó múná tó dé.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé òfin kò ju ìwé lásán lọ bí kò bá sí ẹni tí yóò mú un ṣẹ.