Ọkọ̀ tó ń fi afẹ́fẹ́ dúró: Kí ẹ tó ra kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tuntun, ẹ yẹ rìléè àti wáyà wò

Yálà ní Ladipo nílùú Èkó, ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Apo l'Abuja tàbí ní Suame Magazine ní Kumasi, ẹjọ́ kan náà ni àwọn onímọ́tò ń rò: wọ́n jí láàárọ̀, wọ́n bá Range Rover, Discovery tàbí Mercedes wọn tó ti jókòó sílẹ̀ bíi ràkúnmí tó kúnlẹ̀.

Ìdáhùn tí wọ́n sáábà ń gbọ́ ni pé kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ti kú, kí wọ́n lọ ra òmíràn. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Àmọ́ tí ohun tó pa ti àkọ́kọ́ bá ṣì wà níbẹ̀, tuntun náà yóò jóná, owó ńlá á sì tún jáde lápò.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Àpò rọ́bà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ ló gbé irú ọkọ̀ yìí dúró dípò sípíríǹgì onírin. Kì í ṣe èyí tó máa ń bú jáde nígbà ìjàm̀bá o. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kékeré kan tó ń lo iná bátìrì ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àwọn àpò náà. Sẹ́ńsọ̀ tó wà nítòsí táyà ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bí ọkọ̀ ṣe ga tó. Iná tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ń fà pọ̀ ju èyí tí kọ̀ǹpútà lè gbé lọ, nítorí náà rìléè ló ń bá a tan án, tó sì ń bá a pa á.

Nípa bẹ́ẹ̀, yálà afẹ́fẹ́ ń jò ni o, tàbí iná kò dé ibi tó yẹ, ojú kan náà ni ọkọ̀ yóò fi hàn yín: yóò jókòó.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí sílẹ̀

Ẹ ti ilẹ̀kùn, nítorí àwọn ọkọ̀ kan kì í gbéra tí ilẹ̀kùn bá ṣí. Ẹ wá tan ẹ́ńjìnnì. Tí ẹ bá gbọ́ ìró kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ kò gòkè dáadáa, afẹ́fẹ́ lè máa jò tàbí kí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ti rẹ̀. Omi ọṣẹ yóò fi ibi tó ń jò hàn. Igun kan ṣoṣo tó ń lọ sílẹ̀ mọ́jú náà sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ jíjò.

Àmọ́ tí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́ rọ́rọ́, ọ̀dọ̀ oníwáyà, tí wọ́n ń pè ní "rewire", ni ọ̀rọ̀ kàn.

Rìléè, olè tí wọn kì í fura sí

Tí àpò bá ń jò, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kò ní sinmi. Rìléè yóò máa gbóná, irin inú rẹ̀ lè jó tàbí kó lẹ̀ mọ́ra. Tó bá jó, iná kò ní kọjá. Tó bá lẹ̀ mọ́ra, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á máa ṣiṣẹ́ lọ, kódà lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa ọkọ̀, títí tí bátìrì yóò fi kú tàbí tí òun fúnra rẹ̀ yóò jóná. Rìléè yìí kò wọ́n rárá. Ẹni tó bá pààrọ̀ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ láì pààrọ̀ rẹ̀ ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàbọ̀.

Tí fíúsì bá jó, ẹ má fi èyí tó tóbi jù ú lọ tàbí ègé wáyà rọ́pò rẹ̀. Ọkọ̀ lè gbaná.

Mítà lè tàn yín

Wáyà tó ti dípẹtà lè fi fóòtì 12 hàn lórí mítà, síbẹ̀ kó má lè gbé iná tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ nílò. Ìdí ni pé mítà kì í fa iná tó nǹkan. Ohun tí àwọn àgbà oníwáyà ń ṣe ni pé wọ́n máa ń so gílóòbù iná iwájú ọkọ̀ mọ́ ojú wáyà náà. Tó bá tàn bàìbàì, wáyà tàbí ẹsẹ̀ "earth" ló bàjẹ́. Abẹ́ ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ojú ìsopọ̀ yìí wà, níbi tí ẹrẹ̀ àti àgbàrá ti ń bá wọn lójoojúmọ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ ọkọ̀ náà, ẹ fi stand onírin gbé e dúró, kì í ṣe jáàkì nìkan. Afẹ́fẹ́ lè jáde lójijì, kí ọkọ̀ sì tẹ ènìyàn pa.

Sìkánà wúlò, ṣùgbọ́n èyí tí kò wọ́n sábà máa ń ka kóòdù ẹ́ńjìnnì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P nìkan. Ti ẹsẹ̀ ọkọ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C. Àdúgbò sì ni kóòdù ń júwe, kì í júwe ilé. Tó bá dárúkọ sẹ́ńsọ̀, wáyà tó lọ sí ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ náà lè jẹ́ ọ̀daràn.

Àwọn kan máa ń yọ gbogbo rẹ̀ dànù, kí wọ́n fi sípíríǹgì onírin sí i. Ó lè bọ́gbọ́n mu fún ọkọ̀ tó ti gbó, kì í ṣe nítorí rìléè kan.

Ní ti ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀ ní Cotonou, Tema tàbí Èkó, ẹ gbé ọkọ̀ náà sókè, kí ẹ sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí ẹ gbọ́ bí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ṣe ń dún. Tí olùtajà bá gbà, ẹ wọn gíga igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lálẹ́, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí ẹ tó sanwó.