Adíyelé Ilé àti Ilẹ̀: Ọ̀nà Yunifásítì fún Ọmọ Oṣòdì àti Ìsọlọ̀

Kí ènìyàn dìde ní kùtùkùtù láti Máfolúkú, kí ó gba abẹ́ afárá Oṣòdì kọjá láàrin ariwo àwọn agbèrò àti fèrè ọkọ̀ ojú irin, kí ó sì dé Ìsọlọ̀, ìlú Ọ̀sọlọ̀, kí oòrùn tó ga, ojú rẹ̀ yóò ti rí i pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ó gba gbogbo àdúgbò náà kan: yóò rí ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí lára pé ilé náà kì í ṣe títà; yóò rí pátákó àjẹ́ǹtì lára òpó iná, níbi tí wọ́n ti ń polówó yàrá kan àti pálọ̀; yóò sì rí bàbá arúgbó tí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, tí ó di àpò ọ̀rá tí ìwé ilẹ̀ baba rẹ̀ wà nínú rẹ̀ mú bí ẹni tí ó di ẹyin mú. Ilẹ̀ Ògẹ́rẹ́, afọkọ́yẹrí, tí gbogbo wa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí òun náà tó bò wá mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ ìkẹyìn, ibo ni wọ́n ti ń dù ú tó Èkó Akéte, ìlú tí omi yí ká, tí èrò ń wọ̀ lójoojúmọ́, tí ilẹ̀ ibẹ̀ kò sì tó èrò rẹ̀ rí?

Kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nígbà náà, pé bí ọmọ bá ti ṣe ìdánwò WAEC tán tí àkókò fọ́ọ̀mù JAMB sì dé, ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ òbí ní agbègbè yìí máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá mọ̀wé ni pé: ọmọ tí ó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀ ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀, kí ni kí ó lọ kọ́? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ó lè gba ọ̀nà òfin, ó lè gba ọ̀nà ilẹ̀ wíwọ̀n, ó lè gba ọ̀nà àwòrán ilé yíyà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá bi èmi, èmi yóò dá a lóhùn láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé ẹ̀kọ́ tí ìwé JAMB ń pè ní Estate Management ni kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé òun ni òpópónà tí ó lọ tààrà sí ipò adíyelé ilé àti ilẹ̀, ipò tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í mọ ìwúlò rẹ̀ títí wàhálà yóò fi kan ilẹ̀kùn.

Ẹ má ṣe fi adíyelé wé àjẹ́ǹtì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní fóònù àti pátákó kan lè sọ ara rẹ̀ di àjẹ́ǹtì lónìí. Yóò mú ayálégbé lọ wo ilé, yóò gba owó kọmíṣàn, yóò gba owó àdéhùn, ọwọ́ rẹ̀ á sì kúrò níbẹ̀, kódà bí ilé náà bá jẹ́ ilé tí àwọn ọmọ onílé ń bá ara wọn ṣẹjọ́ lé lórí. Adíyelé ní tirẹ̀, òfin ló so ó mọ́lẹ̀. Ní 1969 ni àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí NIESV; nígbà tí ó sì di 1975, ìjọba ológun gbé òfin kẹrìnlélógún ọdún náà jáde, èyí tí ó dá ìgbìmọ̀ tí à ń pè ní ESVARBON sílẹ̀, pé kí ìgbìmọ̀ náà máa kọ orúkọ àwọn tí ó tó gbangba sùn lọ́yẹ́ sínú ìwé, kí ó sì máa bá ẹni tí ó bá ba iṣẹ́ jẹ́ wí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé yẹn kò ní ẹ̀tọ́ láti pe ara rẹ̀ ní adíyelé, bí ó ti wù kí imú rẹ̀ mọ òórùn owó tó.

Ìwé-ẹ̀rí yunifásítì nìkan kò sì tó. Bí ọmọ náà bá jáde, tí ó sì sin ilẹ̀ baba rẹ̀ tán gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀, yóò lọ bá ọ̀gá tí ó ti gba ìwé àṣẹ, yóò sì ṣe bí ọdún méjì lọ́dọ̀ rẹ̀. Yóò máa gbé tépù tẹ̀ lé ọ̀gá wọ inú ọgbà onílé, yóò máa ka yàrá, yóò máa wo páànù tí ó ti dógùn-ún àti ògiri tí ó ti lanu, yóò máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò ṣe ìdánwò ẹgbẹ́, tí yóò sì jókòó níwájú àwọn àgbà iṣẹ́ tí wọn yóò fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, kí wọ́n tó fún un ní òǹtẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tàbí ti mẹkáníìkì ṣe ń gba fíríìdọ̀ọ̀mù kò ní rí ohun àjèjì kan nínú ìlànà yìí, bẹ́ẹ̀ ni mo sì kà á sí ohun tí ó dára jù lọ nínú iṣẹ́ náà.

Bí orúkọ iṣẹ́ yìí bá tilẹ̀ dà bí tuntun létí, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti pẹ́ ní Èkó. Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, tí gbogbo ayé mọ̀ sí òṣèlú àti oníwèé ìròyìn, iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ni ìjọba rán an lọ kọ́ ní Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1890. Nígbà tí ó padà dé ní 1893, ó di ẹni tí ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba, títí ó fi kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ ní 1898, tí ó ń ṣe tirẹ̀. Ẹni tí ó ti fa ṣéènì orí ilẹ̀ Èkó bẹ́ẹ̀, tí ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí ààlà ìdílé kan ti parí tí ti èkejì ti bẹ̀rẹ̀, kò lè wo ìran nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá ní 1913, tí Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, sì béèrè owó gbà-má-bínú. Ìjọba kò jiyàn pé kò yẹ kí wọ́n san nǹkan kan. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ìṣákọ́lẹ̀ tí àwọn tí ń gbé orí ilẹ̀ ń mú wá fún olóyè nìkan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ilé ẹjọ́ ìhín sì gbè wọ́n.

Olúwa kò gbà. Ẹjọ́ náà gùnkè títí ó fi dé ilé ẹjọ́ Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, Macaulay sì bá olóyè náà wọ ọkọ̀ òkun lọ ní 1920, pẹ̀lú ọ̀pá àṣẹ tí Ọba Ẹ̀ṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ fi lé wọn lọ́wọ́. Ní oṣù keje ọdún 1921 ni Haldane, adájọ́ ilé ẹjọ́ náà, ka ìdájọ́ jáde: pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti ìdílé àti ti ará ìlú lódindi gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, pé kí wọ́n sì san owó rẹ̀ bí ẹni tí ó gba odindi ilẹ̀, kì í ṣe bí ẹni tí ó gba ìṣákọ́lẹ̀ lásán. Ọ̀kẹ́ kan àti ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ pọ́n-ún, £22,500, ni wọ́n san níkẹyìn. A máa ń sọ ìtàn yìí bí ìtàn òṣèlú, ó sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kí ni wọ́n gbà? Ta ni ó ni í? Èló ni ó tọ́ sí i? Ìbéèrè mẹ́ta yìí náà ni adíyelé ń bá wọ ọ́fíìsì ní Oṣòdì lárọ̀ọ̀ òní.

Ìdí rẹ̀ ni òfin ilẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta, 1978, èyí tí ó kó gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ènìyàn. Láti ìgbà náà, bí ìjọba bá fẹ́ ilẹ̀ fún ọ̀nà tàbí fún ọkọ̀ ojú irin, ohun tí ó wà lórí ilẹ̀ ni yóò sanwó fún: ilé, ní iye tí a lè fi kọ́ irú rẹ̀ lónìí, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ti ogbó àti ti bíbàjẹ́ kúrò; irúgbìn, ní iye tí aláṣẹ bá ṣírò; ṣùgbọ́n ilẹ̀ fúnra rẹ̀, owó ìṣákọ́lẹ̀ tí onílẹ̀ san fún ìjọba lọ́dún náà ni wọn yóò dá padà fún un. Ẹ ro ohun tí èyí jẹ́ fún opó kan ní Àjàò Estate tí ilẹ̀ ṣófo rẹ̀ tó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù lọ́jà. Mo ka apá yẹn nínú òfin náà sí ìyà, mo sì rò pé ó yẹ kí àwọn aṣòfin wa padà síbẹ̀. Kí wọ́n tó padà síbẹ̀, adíyelé tí ó mọṣẹ́ ni odi kan ṣoṣo tí ó kù fún onílé, nítorí òun ni yóò rántí láti ka kànga, ògiri ọgbà, ṣáláńgá, ilẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì tẹ́, àti igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, tí onílé fúnra rẹ̀ kò ní rò pé ó lówó lórí.

Oṣòdì kò sì ní dúró. Ojú wa ni wọ́n ṣe kó ìsọ̀ kúrò lẹ́bàá ọ̀nà ní 2009, ojú wa ni wọ́n ṣe wó ọjà Owónifáàrí ní 2016. Ibùdókọ̀ alájà gíga tí ó wà níbẹ̀ lónìí ṣí ní oṣù kẹrin 2019, ọkọ̀ ojú irin Red Line sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò gba ibẹ̀ kọjá ní 2024. Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá dé, iye owó ilé tí ó wà nítòsí a máa yí padà, ti àwọn kan á lọ sókè, àwọn mìíràn á sì pàdánù ibi tí wọ́n ti ń jẹun. Ẹni tí kò sì ní ìwé kankan lọ́wọ́ kì í rí ẹnu sọ̀rọ̀.

Nínú ilé pẹ̀lú, iṣẹ́ adíyelé kò kéré. Bí bàbá kan bá kú tí ó fi ìyàwó mẹ́ta sílẹ̀, pẹ̀lú ilé kan ní Ìlasàmàjà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Òkòtà, àti ìsọ̀ mélòó kan ní Aswani, ìyá kan yóò ní kí wọ́n pín in ní ìdí-igi, èyí tí ọmọ pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ yóò ní orí-ò-jorí ni kí wọ́n fi pín in, ṣùgbọ́n ọ̀nà yòówù tí wọ́n bá gbà, ìjà kò lè parí àfi bí ẹnì kan tí kì í ṣe ọmọ ìyá ẹnikẹ́ni nínú wọn bá sọ iye tí ilé kọ̀ọ̀kan tó. Báńkì tí yóò yáni lówó lórí ilé ń fẹ́ ìwé adíyelé. Onílé tí ó wà lókè òkun ń fẹ́ ẹni tí yóò máa gba owó ilé fún un, tí yóò sì mọ̀ pé òfin ayálégbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti 2011, kò jẹ́ kí onílé gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ìjọba pẹ̀lú ń gba àwọn adíyelé síṣẹ́: LEDB, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń tún ìlú ṣe, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku, ni ó tún Yábàá ṣe, tí ó sì kó àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó lọ sí Sùúrùlérè ní nǹkan bí 1955, ní 1972 ni ó wọ inú LSDPC, iléeṣẹ́ ilé kíkọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó, láàrin 1979 sí 1983 ni Alhaji Lateef Jakande, gómìnà Èkó nígbà náà, sì kọ́ àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú káàkiri ìpínlẹ̀ náà, títí kan èyí tí ó wà ní Òkè-Àfà, Ìsọlọ̀, tí a ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́ títí di òní.

Níbo wá ni kí ọmọ lọ? Yunifásítì Èkó ní Akọkà ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́, àti Covenant ní Ọ̀tà. Ẹni tí máàkì rẹ̀ kò bá gbé e dé yunifásítì lè gba Yaba Tech kọjá, kí ó gba OND àti HND. Mi ò rí ìtìjú kankan níbẹ̀. Àwọn àgbà Ìsọlọ̀ kò sì gbàgbé pé àdúgbò tiwọn níbẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 1977 ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó di Lagos State Polytechnic, kí ó tó kó lọ sí Ìkòròdú, kí ó sì tó di yunifásítì ní 2022.

Ní ti àwọn ọ̀nà yòókù, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ọmọ tí ó fẹ́ràn ìṣirò àti físíìsì, tí oòrùn kò sì bà lẹ́rù, kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀, nítorí kò sí ìwé ilẹ̀ tí ó lè jáde ní Alausa láìsí àwòrán tirẹ̀. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ dá ṣáká, kí ó lọ kọ́ òfin, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé ilẹ̀ yóò jẹ́ ẹ̀ka kan láàrin ọ̀pọ̀ ẹ̀ka tí yóò kọ́. Ẹ̀kọ́ ètò ìlú wú mi lórí púpọ̀, ìlú wa sì nílò rẹ̀ ju bí ó ti mọ̀ lọ. Ẹni tí ó bá rántí alẹ́ ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kìn-ín-ní, 2002, tí bọ́ǹbù bú ní Ìkẹjà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì sá wọ inú odò Òkè-Àfà nínú òkùnkùn, tí omi sì gbé wọn lọ, yóò mọ̀ pé ibi tí ọ̀nà wà àti ibi tí kò sí jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àwọn aṣètò ìlú wà lọ́wọ́ ìjọba, ọmọ tí ó bá fẹ́ dá dúró yóò ní sùúrù.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń kún fọ́ọ̀mù lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ mú ọmọ yín lọ sí ọ́fíìsì adíyelé kan tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ESVARBON, kí ó lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀ nínú ìsinmi, kí ó wo iṣẹ́ náà pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Bí ó bá padà wálé tí ó sì ní òun ṣì fẹ́ ẹ, Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò àti Ẹ̀kọ́ Ọrọ̀-Ajé ni kí ó fi ṣáájú nínú iṣẹ́ mẹ́rin tí yóò fi ṣe ìdánwò JAMB.