Bí A Ti Ń Dán Ìjánu Ọkọ̀ Wò Lórí Tábìlì

Àwọn àgbà a máa wí pé a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò. Ọ̀rọ̀ yìí bá iṣẹ́ àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mu. Bí awakọ̀ bá tẹ ìjánu lójijì lójú ọ̀nà tí ń yọ̀, táyà lè há kí ó má yí mọ́, síbẹ̀ ọkọ̀ kì yóò dúró. Yóò máa yọ̀ lọ ni, kì yóò sì gbọ́ ti awakọ̀ mọ́. Ní ọdún 1978, ilé-iṣẹ́ Bosch ti ilẹ̀ Jámánì gbé ohun èlò kan jáde láti dènà ewu yìí, a sì fi í sínú ọkọ̀ Mercedes-Benz. Kọ̀ǹpútà kékeré ni ó ń darí rẹ̀. Bí táyà kan bá fẹ́ há, yóò dẹ ìjánu díẹ̀, yóò sì tún fà á, léraléra, kí táyà lè máa yí.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ kì yóò kùnà? Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ a máa lọ sí Arjeplog, ní àríwá ilẹ̀ Sweden, níbi tí omi adágún ti ń dì ní ìgbà òtútù, láti wa ọkọ̀ lórí yìnyín. Ṣùgbọ́n ìgbà òtútù kì í pẹ́ títí, yìnyín òní kì í sì í rí bákan náà pẹ̀lú ti àná. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, àléébù mìíràn wà tí kò yẹ kí a fi ẹ̀mí awakọ̀ dán wò.

Nítorí náà ni a ṣe ń lo ọgbọ́n mìíràn lóde òní. A ó gbé kọ̀ǹpútà ìjánu náà gan-an sórí tábìlì, a ó sì fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ńlá kan. Kọ̀ǹpútà ńlá yìí ni ó dúró fún ọkọ̀ àti ojú ọ̀nà. Ó ń ṣírò ìwúwo ọkọ̀, eré tí ó ń sá àti bí ilẹ̀ ti ń yọ̀ tó, ó sì ń rán àmì ìyípo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí kékeré. Nígbà tí kékeré bá pàṣẹ pé kí a dẹ ìjánu, ńlá gbọ́dọ̀ ṣírò àyípadà tí yóò bá ọkọ̀, kí ó sì dáhùn lójú ẹsẹ̀, ní nǹkan bí ìgbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ìdáhùn bá pẹ́, ìdánwò náà di asán, nítorí ọkọ̀ tòótọ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Báyìí ni a lè já wáyà kan nígbà tí eré bá le, tàbí kí a sọ apá kan ọ̀nà di yìnyín kí apá kejì sì gbẹ. A lè tún un ṣe títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì farapa.

Síbẹ̀, ìṣirò kì í ṣe ojú ọ̀nà. Ohun tí ẹni tí ó ṣe ìṣirò bá gbàgbé, kọ̀ǹpútà kò lè rántí rẹ̀. Nítorí èyí ni a ṣì fi ń gbé ọkọ̀ lọ sórí yìnyín níkẹyìn. Ìdánwò orí tábìlì ni ẹsẹ̀ kan tí a fi ń wọn odò. Nígbà tí ẹsẹ̀ kejì bá fi máa wọlé, a ti mọ bí omi ti jìn tó.