Kẹ́mísìrì SS2: Ohun Tí Òbí ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ Gbọ́dọ̀ Mọ̀ Kí Wọ́n Tó Sanwó Lẹ́sìn Ìsinmi

Ìwé yìí wà fún òbí tí ọmọ rẹ̀ yan sáyẹ́ǹsì, tí ọmọ náà yóò wọ SS2 ní oṣù kẹsàn-án. Ohun tó mú wa kọ ọ́ ni pé ọ̀pọ̀ òbí ń sanwó fún lẹ́sìn tí wọ́n polówó pé yóò parí gbogbo iṣẹ́ SS2 kí ìsinmi tó tán, tí ọmọ á sì padà wọ kíláàsì láìlè dá ìṣirò móòlù kan ṣe. A ò bú lẹ́sìn. Ohun tí à ń sọ ni pé kí ọmọ sáré ka ìwé parí kì í ṣe ìmúrasílẹ̀.

Ibi tí ọmọ ti ń kùnà gan-an

Ẹ jẹ́ ká wo ìbéèrè kan tí wọ́n máa ń bi àwọn ọmọ. Wọ́n po gíráàmù 4 sódíọ́ọ̀mù háídírọ́ọ́sáìdì, ìyẹn kọ́síìkì tí àwọn aṣeọṣẹ ń lò, mọ́ omi títí ó fi di dm³ 1. Móòlù kan rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 40. Bí a bá fi 40 pín 4, a ó rí móòlù 0.1. Bí a bá fi pìpẹ́ẹ̀tì fa cm³ 25 nínú rẹ̀, ohun tó wà níbẹ̀ jẹ́ móòlù 0.0025, torí pé cm³ 1000 ló wà nínú dm³ kan. Bí ó bá jẹ́ súfúríìkì ásíìdì la fẹ́ fi pa á (neutralise), móòlù ásíìdì kan máa ń pa móòlù kọ́síìkì méjì, nítorí náà móòlù ásíìdì 0.00125 la nílò. Nínú gbogbo èyí, pínpín, ìsọdipúpọ̀ àti mímọ ìpín kan sí èkejì ló wà níbẹ̀, iṣẹ́ JSS sì ni gbogbo wọn. Ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n ni yóò sọ pé kẹ́mísìrì le. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ yín pé kí oṣù kẹjọ jẹ́ ti ìṣirò: ìdá, dẹ́símà, agbára mẹ́wàá (kí nọ́ńbà bíi 6.02 × 10²³ má baà dẹ́rù bà á), àti bí a ṣe ń yí fọ́múlà padà. Kí ọmọ sì fi ìwé nóòtù SS1 há èròjà ogún àkọ́kọ́ àti fálẹ́ńsì wọn sórí. Ọmọ tó bá ṣe èyí yóò lóye ohun tí tíṣà ń sọ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Àwọn kan á sọ pé láìsí láàbù, kò sí ohun tí ọmọ lè ṣe nílé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ìṣápá pupa tí a fi ń ṣe zobo máa ń pọ́n sí i bí a bá kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó sì máa ń kúrò ní pupa bí a bá bu omi ọṣẹ ìfọṣọ sí i; irú iṣẹ́ yẹn ni àwọ̀ atọ́ka ń ṣe nínú láàbù. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kan kọ́síìkì tàbí ásíìdì bátìrì nílé o, nítorí méjèèjì lè fọ́ ojú.

Ọ̀rọ̀ "special centre"

Àwọn alágàta ń sọ fún òbí pé bí wọ́n bá sanwó kí ọmọ ṣe ìdánwò ní "special centre", ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ṣe màgòmágó ìdánwò, owó náà lè rọ́pò gbogbo làálàá yìí. Ẹ gbọ́ wa dáadáa: WAEC máa ń fagi lé èsì ìdánwò tó bá ní màgòmágó nínú, owó yín kò sì ní padà. Bí èsì ọ̀hún bá tilẹ̀ jáde, ìbéèrè kẹ́mísìrì 40 ti JAMB ń dúró de ọmọ náà lórí kọ̀ǹpútà. Bí ó bá tún wọlé sí LASUSTECH ní Ìkòròdú, yóò di bùrẹ́ẹ̀tì mú lójú olùkọ́ tí kò mọ alágàta kankan. Òbí kan lè ní ọ̀rẹ́ òun sanwó, ọmọ rẹ̀ sì gba A. A ò jiyàn. Ẹ bi ọ̀rẹ́ náà bí ọmọ ọ̀hún ṣe ń ṣe ní yunifásítì.

Kí ilé ìwé tó gba ìsinmi, ẹ mú ìwé nóòtù SS1 àti káàdì èsì ọmọ lọ bá tíṣà kẹ́mísìrì rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ibi tí ìṣirò ti ń dí i lọ́wọ́. Ìbéèrè yẹn kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.